Ta Ló Wọn Ilẹ̀ Yìí?

Alẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ya máàpù náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ilẹ̀ tí kò sí níbì kankan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun yà á. Èmi ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan yíyà nínú ẹbí wa. Awọnlẹ̀ ni mí. Láti nǹkan bí ogún ọdún ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ kiri inú igbó, tí mò ń wá ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, tí ti ẹlòmíì sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo fọwọ́ sọ̀yà. Mo ra ìwé ńlá tó nípọn, mo da omi tíì sí i lára kó lè pọ́n bí ìwé àtijọ́, mo fi iná àbẹ́là jó etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ya òkè, mo ya igbó, mo ya odò mẹ́ta. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi ìlà ìwọ̀n sí i, pé ìka kan lórí ìwé jẹ́ ọgbọ̀n máìlì lórí ilẹ̀. Mo fi ọfà àríwá sí i. Ó rẹwà lójú mi débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn títí. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ ṣé gan-an o. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ayé yìí, ta ló wọn ilẹ̀ yìí?"

"Kí lò ń sọ?"

"Wọn ò ní ọkọ̀ òfuurufú. Wọn ò ní irú ẹ̀rọ yín. Àwọn ará gúúsù ò tíì fojú kan àwọn ará àríwá rí, ó di orí kẹjọ kí wọ́n tó pàdé. Ta ló wá mọ̀ pé ọgbọ̀n máìlì ni?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ wa, ìwé ilẹ̀ tí kò bá ní orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n, àti òkúta tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ìwé lásán ni. Bí ẹnì kan bá gbé irú rẹ̀ wá síwájú mi, n kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ni mo wá jókòó tí mo ya odidi ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n.

Láti ọjọ́ náà, ojú mìíràn ni mo fi ń wo máàpù tó máa ń wà níwájú àwọn ìwé ìtàn àròsọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wọṣọ àtijọ́: ìwé pípọ́n, lẹ́tà tó lọ́ bí ìwo àgbò, ọkọ̀ onígbòkun, ẹja abàmì tó yọrí láàárín òkun. Bí o bá bọ́ aṣọ yẹn kúrò lára rẹ̀, máàpù òde òní lo máa bá nísàlẹ̀. Àríwá wà lókè. Ìwọ̀n kan náà ló kárí ibi gbogbo. Òkè tí ẹsẹ̀ ènìyàn kankan ò tẹ̀ rí wà ní ibi tó yẹ kó wà gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń wo ilẹ̀ náà, ojú sánmà ló jókòó sí.

Mo bá wá àwọn máàpù tòótọ́ ti ìgbà náà lọ, láti mọ ohun tí àwọn tó ń gbé ayé ní 1100, 1250, 1400 ń yà nígbà tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ya ayé.

Èyí tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni ti Hereford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ọdún 1300 ni wọ́n yà á, sórí awọ ọmọ màlúù kan ṣoṣo tó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ, inú kàtídírà ìlú náà ló sì wà títí di òní. Ìlà-oòrùn ló wà lókè rẹ̀. Níbẹ̀, ní ṣóńṣó orí ayé, ni ọgbà Édẹ́nì wà, erékùṣù róbótó kan tí wọ́n mọ odi yí ká. Jerúsálẹ́mù wà ní àárín gbùngbùn, odi rẹ̀ ní eyín yíká bí eyín jíà. Ihò kékeré kan wà láàárín ìlú náà, níbi tí ẹni tó ya òbìrí ayé ti fi ẹsẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ gún awọ náà. Ihò yẹn ni mo tẹjú mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó yé mi. Òkúta ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó hàn kedere ibi tí ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tirẹ̀.

Nǹkan bí 500 àwòrán kéékèèké ló kún orí awọ náà. Ọkọ̀ Nóà wà níbẹ̀. Ilé ìṣọ́ Bábẹ́lì wà níbẹ̀, ó tóbi fìrìgbọ̀n. Aya Lọ́ọ̀tì ń wẹ̀yìn. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbà láti Íjíbítì lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún, ó sì gba àárín Òkun Pupa kọjá. Ní etí ayé, àwọn ènìyàn tí ojú àti ẹnu wọn wà láyà nítorí pé wọn ò lórí, àti ọ̀kan ní ìhà Íńdíà tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ńlá, tó sùn fẹ̀yìn lélẹ̀ tó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe agboòrùn. Ẹ̀gbẹ́ wọn náà ni ìlú tí àwọn oníṣòwò ń ná ní ọdún 1300 wà. Kò sẹ́ni tó ya òní sọ́tọ̀ kúrò lára àná. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ṣì wà ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó há mọ́ igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, wọ́n fún un pọ̀ bí ẹrù tó kù tí àpótí ti kún. Àwọn tó yà á, ìpẹ̀kun ayé ni wọ́n fi ara wọn sí. N kò tíì rí máàpù àròsọ kan tí ìlú akọni ìtàn há sí igun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.

Àṣìṣe kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín: lẹ́tà wúrà gàdàgbà tó sọ pé "Áfíríkà" wà lórí Yúróòpù, èyí tó sọ pé "Yúróòpù" wà lórí Áfíríkà. Ẹnì kan pa orúkọ méjèèjì dà. Awọ ti gbẹ, wúrà ti mu, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Èmi náà ti fi orúkọ onílẹ̀ kan sórí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ rí, lórí ìwé tí mo ti buwọ́ lù. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn tó kéré ju èyí lọ tiẹ̀ rọrùn láti há sórí. Ya òbìrí kan, kọ lẹ́tà T sínú rẹ̀. Òkè ni Éṣíà, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni Yúróòpù, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni Áfíríkà. Ìdí T náà ni Òkun Mẹditaréníà, apá rẹ̀ méjèèjì ni odò Don àti odò Náílì. Wọ́n pín in fún Ṣémù, Jáfẹ́tì àti Hámù. Nínú àwọn ẹ̀dà ìwé Isidore, bíṣọ́ọ̀bù Seville ní Sípéènì ní ọ̀rúndún 7, ni ó ti gbajúmọ̀, nígbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà ní Augsburg, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1472, àwòrán kékeré yìí ló di máàpù àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù.

Kí n tètè yọ ẹ̀gún méjì kúrò lẹ́sẹ̀ wa níbí. Òbìrí yẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n rò pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn mọ̀ pé ó rí bíríkítí bíi bọ́ọ̀lù. Ìwé tí ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Sacrobosco, kọ, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1230, ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, gbólóhùn "dírágónì ń bẹ níbí" tí gbogbo ènìyàn rò pé ó kún orí máàpù àtijọ́: ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ni orí àwòrán ayé rogodo kékeré kan tí wọ́n fi bàbà ṣe ní nǹkan bí 1510, tó wà ní ilé ìkàwé New York báyìí, ní etíkun Éṣíà. Ó kéré, kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12 lọ láti etí kan dé èkejì. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sí òkun ìwọ̀-oòrùn lórí máàpù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú lẹ́tà lílọ́. Mo pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kan mí lára jù ni mọ́ńkì kan ní St Albans tó ń jẹ́ Matthew Paris. Ní nǹkan bí ọdún 1250, ó ya ọ̀nà láti London lọ títí dé ilẹ̀ mímọ́. Kò ya ilẹ̀, ọ̀nà ló yà. Ìlú kan lórí ìlú kan bí àtẹ̀gùn, láti ìsàlẹ̀ ìwé lọ sókè, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ìrìn ọjọ́ kan" sáàárín wọn. Kò sí máìlì níbẹ̀. Ohun tó wà lápá ọ̀tún tàbí apá òsì ọ̀nà kò kàn án. Ohun tí ẹni tó fẹ́ rìn nílò láti mọ̀ ni pé lálẹ́ yìí òun á sùn níhìn-ín, lọ́la òun á sùn lọ́hùn-ún.

Ọkùnrin yìí náà ló ya máàpù erékùṣù tirẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ó sì kọ ọ́ sí i lára pé bí ojú ìwé bá gbà, ó yẹ kí erékùṣù náà gùn jù báyìí lọ. Nígbà tí mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ìwé ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́! Ó mọ̀ pé kò tọ̀nà, ó sì jẹ́wọ́. Ẹ wá mú máàpù àròsọ tó bá wà nítòsí yín, kí ẹ wo bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe bá ìwé mu wẹ́kú. Bí ìwé bá ga, ilẹ̀ á ga. Bí ó bá fẹ̀ sí ojú ìwé méjì, ilẹ̀ á fẹ̀, kò sì ní sí ìlú pàtàkì kankan láàárín níbi tí wọ́n ti rán ìwé. Tèmi ńkọ́? Gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn mi ló tọ́ gbọnrangandan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló fà á, mo ti múra sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ìgbì òkun àti àpáta líle. Irọ́ ni. Ìwé ló tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ti jà lórí odò kan ṣáájú. Ó fẹ́ kí odò ńlá kan ṣàn jáde láti inú adágún, kí ó pín sí méjì, kí apá kan lọ sí àríwá, kí apá kejì gba ìwọ̀-oòrùn lọ. Mo ní rárá. Èyí ni ẹ̀sùn tí gbogbo alálàyé máa ń kọ́kọ́ fi kan máàpù àròsọ: omi a máa pàdé lójú ọ̀nà, kì í sábà pínyà àfi bó bá kù díẹ̀ kó wọ òkun. Mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ gígùn lórí bí omi ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù. Ó gbọ́, ó yọ odò náà kúrò, inú rẹ̀ ò dùn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bá al-Idrisi pàdé. Ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ni Muhammad al-Idrisi, ààfin ọba Kristẹni kan, Roger Kejì, ní Palermo ní Sísílì, ló sì ti ṣiṣẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n á pe àwọn arìnrìnàjò, wọ́n á bi wọ́n léèrè lápapọ̀, wọ́n á tún bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ẹnu wọn kò lé lórí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, èyí tí ẹnu kò kò, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1154, ìwé náà parí, pẹ̀lú máàpù 70 tí ènìyàn lè tò pọ̀ di ayé kan, gúúsù lókè, wọ́n sì tún gbẹ́ ayé náà sára àwo fàdákà ńlá kan. Èyí ni mo mọ̀ sí iṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba ìwọ̀n tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lọ, ká tún wọ̀n ọ́n bọ̀, kí àlọ àti àbọ̀ bára mu.

Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn, ẹ wo ohun tó ṣe sí Odò Ọya. Lórí máàpù al-Idrisi, odò Náílì kan ṣàn lọ sí àríwá sí Íjíbítì, Náílì mìíràn, Náílì àwọn aláwọ̀ dúdú, gba ìwọ̀-oòrùn lọ sínú òkun, orísun àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Odò tó pín sí méjì! Ohun tí mo fi bú ọmọ ọlọ́mọ gan-an ni ọ̀mọ̀wé tó dára jù ní ọ̀rúndún 12 yà sórí fàdákà.

Mo ronú sí i títí. Kò sí ẹni tó parọ́ fún al-Idrisi. Ẹnì kan ti dé Íjíbítì, ó rí odò ńlá. Ẹlòmíì ti bá àwọn oníṣòwò gba aginjù kọjá, ó rí odò ńlá lọ́hùn-ún. Ọ̀nì wà nínú ti ìhín, ọ̀nì wà nínú ti ọ̀hún. Ẹni tó rí orí ẹran sọ òótọ́, ẹni tó rí ìrù sọ òótọ́, ara ẹran ni ẹnikẹ́ni ò rí. Ó di 1796 kí Mungo Park, arìnrìnàjò ará Scotland, tó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni Odò Ọya ń ṣàn lọ ní Ségou, ní ilẹ̀ Mali òde òní, ó di 1830 kí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John tó wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e dé òkun. Àwọn tó ń gbé etí odò náà mọ ibi tó ń lọ ní tiwọn látìgbà ìwáṣẹ̀. Palermo ló jìnnà sí wọn.

Kò tiẹ̀ parí síbẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ayé àtijọ́ mọ́, ìgbà Napoleon ni, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ní 1798, James Rennell, awọnlẹ̀ bíi tèmi, tó lórúkọ dáadáa, ń ya máàpù fún ìròyìn ìrìnàjò Park. Ó gbà pé Odò Ọya ò lè yí gúúsù wá sínú òkun, ó sì nílò ohun tó máa dí i lọ́nà. Ó ya òkè. Òkè Kong, tó tẹ́ lọ gbọọrọ kọjá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ayàmáàpù mìíràn ṣe àdàkọ rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ fi yìnyín sórí rẹ̀, fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí Binger, ológun ará Faransé, fi débẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1880 tó ní òun ò rí òkè kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ní òkè kan tó lọ láti òkun dé òkun, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni kí ó má jẹ́ kí ọmọ ogun kọjá kí orí kẹrìnlá tó pé. Mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Àwọn atukọ̀ ló ya èyí tó bá ojú wa lónìí mu jù. Láti ìparí ọ̀rúndún 13 ni máàpù wọn ti wà, láti ìlú etíkun Ítálì àti Majorca. Etíkun Mẹditaréníà lórí wọn tọ̀nà débi pé ẹ̀rù máa ń bani. Ìlà kọ́ńpáàsì kọjá lórí ara wọn lórí òkun bí okùn aláǹtakùn, orúkọ èbúté sì tò mọ́ra wọn, wọ́n kọ wọ́n sínú ilẹ̀ kí wọ́n má baà dí òkun. Bí o bá wá wo inú ilẹ̀ lẹ́yìn orúkọ wọ̀nyẹn, òfìfo. Kò kàn wọ́n. Ọkọ̀ kì í gun òkè.

Ohun tó bá wọ inú òfìfo yẹn, òkìkí ló ń gbé e wọlé. Lórí máàpù Kàtálánì ti ọdún 1375, tó wà ní Paris báyìí, tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ Abraham Cresques ti Majorca ni, ọba kan jókòó lórí ìtẹ́ ní ìhà gúúsù aginjù Sàhárà, adé lórí, wúrà róbótó lọ́wọ́. Mansa Musa ti Mali ni. Ó ti gba Káírò lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ó sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó yà á, ṣùgbọ́n wúrà tó ná lọ́nà kò kú. Àwọn ayàmáàpù ò mọ odò rẹ̀, wọn ò mọ òkè rẹ̀. Wúrà rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n yà. Ní Kòríà lọ́hùn-ún ní 1402, àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin ya ayé tiwọn: Ṣáínà gba àárín, Kòríà ga ó sì fẹ̀, Áfíríkà rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn bí ahọ́n kékeré tí omi ńlá wà nínú rẹ̀. Ibi tí o bá jókòó sí ló ń tóbi.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1450, mọ́ńkì kan ní Venice, Fra Mauro, ti ń bá àwọn àgbà inú ìwé jiyàn lójú máàpù tirẹ̀. Ptolemy, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, ti sọ ní ọ̀rúndún 2 pé ilẹ̀ yí Òkun Íńdíà ká. Fra Mauro ṣí i sílẹ̀. Ó yọ ọgbà Édẹ́nì kúrò nínú ayé, ó fi í sí igun lóde òbìrí. Jerúsálẹ́mù bọ́ kúrò láàárín, ó sì mọ̀ pé wọn á bi òun. Ó kọ àlàyé sí i: bí ènìyàn bá wo ilẹ̀ lásán, ìlú náà ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn jù, nítorí náà bí a bá ka orí dípò kí a wọn ilẹ̀, àárín náà ló wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Bí lọ́yà ló ṣe rò ó.

Níbo ni gbogbo èyí wá já sí fún àwa tí à ń ya ilẹ̀ tí kò sí? Lójú tèmi, ohun tó mú kí máàpù àròsọ yàtọ̀ jù sí ti àtijọ́ ni pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí orúkọ bá wà lórí ìwé, ibẹ̀ wà lóòótọ́. Akọni á rìn, á dé ibẹ̀, á bá ìlú náà ní ibi tí ayàmáàpù fi í sí. Ẹni tó gbé ayé ní 1300 ò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan jáde ní nǹkan bí 1165, tó ní ọ̀dọ̀ ọba Kristẹni alágbára kan ní ìlà-oòrùn lòun ti wá, Prester John. Ní 1177, Póòpù Alexander Kẹta kọ ìwé sí i, ó fi rán oníṣègùn rẹ̀, Philip. A ò gbúròó oníṣègùn náà mọ́. Wọ́n wá ọba yìí ní Éṣíà títí, nígbà tí wọn ò rí i, wọn ò sọ pé kò sí. Wọ́n ṣí i nípò lọ sí Etiópíà. Erékùṣù Brasil ní ìwọ̀-oòrùn Ireland ńkọ́? Láti ọ̀rúndún 14 ló ti wà lórí máàpù atukọ̀, ó ṣì wà lórí àwọn kan ní ọ̀rúndún 19, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ rí. Èwo nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ wa ló ní erékùṣù tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó wà, tí àwọn ọkọ̀ ń wá a, tí kò sì sí?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: òǹkàwé ni máàpù wà fún, kó má baà sọnù. Òótọ́ ni. Èmi náà máa ń ṣí ìwé padà sí iwájú láti wá ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n èmi gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé, mo fẹ́ sọnù díẹ̀, bí ẹni tí mò ń ka ìtàn rẹ̀ bá ti sọnù.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó fún mi lóṣù kan. Mo ká máàpù àkọ́kọ́ sórí àga, mo ya mẹ́ta mìíràn. Ti àwọn atukọ̀ ní gúúsù: etíkun nìkan, orúkọ èbúté mẹ́tàlélógójì, inú ilẹ̀ funfun báláú. Ti àwọn àlùfáà ní àríwá: ìlú mímọ́ wọn láàárín, ìlà-oòrùn lókè, àwọn ará gúúsù sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá láìlórí, ojú láyà. Ti àwọn tó ń ru iyọ̀ gba aginjù kọjá: kànga kan lórí kànga kan, bí àtẹ̀gùn, ìrìn ọjọ́ kan láàárín wọn, àti àmì dúdú níbi tí kànga ti gbẹ. Lórí ti atukọ̀, láti èbúté Ẹlẹ́ja dé ẹnu odò jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lórí ti oníyọ̀, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Mo fi odò tó pín sí méjì padà sí i, lórí ti àwọn àlùfáà nìkan.

Ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ wọn. "Àǹtí, odò yìí ò sí lórí ti àwọn oníyọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn wo ló wá tọ̀nà?"

"Ìwọ lò ń kọ ìtàn."

Mo sọ ti William ti Rubruck fún un, mọ́ńkì tó rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn Mongol láàárín 1253 sí 1255. Ìwé Isidore ti sọ fún nǹkan bí 600 ọdún pé ẹnu òkun ńlá ni Òkun Kásípíà já sí. William gba etí rẹ̀ lọ, ó gba etí rẹ̀ bọ̀, ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọba rẹ̀ pé ohun tí Isidore sọ ò rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló yí i ká. Ọmọ náà ní kí n tún un sọ. Ó mú bírò, ó kọ nǹkan sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

Ó ku etíkun ìwọ̀-oòrùn. Lórí máàpù atukọ̀, ó ṣì tọ́ gbọnrangandan, nítorí ìwé kan náà ni mo lò, ibì kan náà ló sì tán sí. Mo ti mú gọ́ọ̀mù láti lẹ ìwé mọ́ ọn. Mo fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Mo mú bírò tó ní ẹnu tín-ínrín jù, mo kọ ọ́ sí etí ìwé, lẹ́tà kékeré: bí ìwé bá gbà, ó yẹ kí ilẹ̀ yìí yọ sínú òkun jù báyìí lọ.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi orí kẹtàlá ránṣẹ́ sí mi. Nínú rẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ kan tí kò mọ ìwé kà ra máàpù náà lọ́wọ́ opó kan. Ó wo ìlà rẹ̀ dáadáa, ó ta ìgbòkun, ó sì ń fi òru sáré lọ sí àríwá ní ẹ̀bá etíkun tó tọ́ gbọnrangandan. Kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà kékeré yẹn fún un. Ìdajì ọ̀nà ni ọkọ̀ rẹ̀ dé kí ó tó forí sọ ilẹ̀ tí kò rí àyè lórí ìwé mi.